Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àwọn Ọ̀nà Àtijọ́ tó Gba Òṣogbo Kọjá, àti Àwọn Èrò tó Rìn Wọ́n

Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, bí àlejò bá ti ń wọ Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ń béèrè, àwọn ọmọ Òṣogbo tó ń gbé Èkó sì ń béèrè. Mo wá kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú.

Kí ni ẹ ń pè ní "ọ̀nà àtijọ́"? Ṣé títì ni?

Rárá o. Ipa ẹsẹ̀ ni. Nínú igbó, ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò fẹ̀ ju kí ẹnì kan máa tẹ̀lé ẹnì kan lẹ́yìn. Tí èrò bá pàdé èrò, ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ní í yà sínú koríko. Bó bá ku díẹ̀ kí a dé ìlú, ọ̀nà á fẹ̀, a ó sì máa rí oko lọ́tùn-ún lósì títí a ó fi kan odi àti ẹnu bodè.

Ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń jẹ́ kí ọ̀nà wà. Ọ̀nà tí ogun bá ti pa, tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún òjò méjì, igbó ti gba tirẹ̀ padà nìyẹn.

Àwọn ọ̀nà wo ló wọ Òṣogbo?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Òṣogbo náà kò sì ní ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀nà àríwá gba Ìkìrun àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà, ó sì parí sí Ìlọrin. Ọ̀nà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn gba Ẹdẹ àti Ìwó lọ sí Ìbàdàn. Láti Ìbàdàn ni èrò ti ń wá ọ̀nà dé etíkun, yálà kó gba Abẹ́òkúta tàbí kó gba Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà ìlà-oòrùn wọ Iléṣà. Láti ibẹ̀, Èkìtì, Àkúrẹ́ àti ilẹ̀ Ìbìní ló kàn. Ọ̀nà kan gba Ẹ̀jìgbò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, òmíràn sì kọjú sí Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn onímọ́tò ń ké ní gáréèjì lónìí: Ìkìrun, Ẹdẹ, Ìwó, Iléṣà, Ẹ̀jìgbò, Gbọ̀ngán. Ìlú tí aláàárù ń dárúkọ nígbà náà ni wọ́n ṣì ń dárúkọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Òṣogbo ni gbogbo wọn pàdé sí?

Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́ ni pé ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé kò jìnnà síbí. Ohun tí ará òkè ọ̀dàn ń wá, bí obì àti epo, nínú igbó ló ti ń wá. Ohun tí ará igbó ń wá, bí káún, awọ àti ẹṣin, láti ọ̀dàn ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí àwọn tó ní nǹkan wọ̀nyí bá ti lè pàdé láì rìn jìnnà jù ni ọjà máa ń jókòó sí.

Èkejì ni omi. Ìtàn ìlú wa sọ pé ọ̀dá omi ló lé Láròóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé, ní ìhà Iléṣà, àti pé Tìmẹ́hìn ọdẹ ló rí odò Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi kan wó sínú odò, wọ́n sì gbọ́ ohùn tó ń ké pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Bí ẹ bá yọ ohùn inú omi kúrò nínú rẹ̀, ìtàn àwọn tó rìnrìn àjò wá omi ló kù. Ìlú tí arìnrìn-àjò tẹ̀ dó ni Òṣogbo.

Ìlú náà wá kún sí i nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836. Àwọn tó sá fún ogun sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó, Ẹdẹ, Ìkìrun àti Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ agboolé ìlú yìí, bí ẹ bá gbọ́ oríkì wọn, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń kì.

Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń rìn?

Ẹni tó ru ẹrù ń rin nǹkan bíi kìlómítà 20 sí 25 lóòjọ́ bí ilẹ̀ bá gbẹ. Iléṣà tó tó kìlómítà 30 yóò gba ọjọ́ kan gbáko fún ẹni tó yá, tàbí kó sùn sọ́nà. Ìbàdàn, tó tó 90, yóò gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Ìlọrin náà kò jìnnà sí iye yẹn. Láti Òṣogbo dé Èkó wá di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí oníbodè kò bá dá èrò dúró.

Ìgbà òjò máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Ẹrẹ̀ á mu orúnkún, odò á kún, aṣọ tó wà lórí á tutù, ìwọ̀n rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò àjò gidi.

Àwọn wo gan-an ló ń rìn?

Bí a bá bi ènìyàn, jagunjagun ló máa kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí àwọn ni akéwì ń kì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí kò sí ogun, àwọn tó wà lójú ọ̀nà ni alájàpá tó ń ra nǹkan níhìn-ín tà lọ́hùn-ún. Aláàárù tó ń fi orí gbowó. Gàm̀bàrí tó ń bọ̀ láti òkè ọya. Àáfáà tó ń lọ kọ́ni ní kéwú. Babaláwo tó ń lọ dífá fún ọba ìlú míràn. Alágbẹ̀dẹ, onílù, onídìrí, àti ọmọ tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà.

Àwọn aláṣẹ náà ní àwọn tiwọn. Aláàfin ní ìlàrí, àwọn ìránṣẹ́ tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ wọ́n. Nígbà tí Ìbàdàn di ọ̀gá ìlú púpọ̀, ó ń fi ajẹ́lẹ̀ sí wọn lórí, ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ sì ń lọ ó ń bọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni èrò kì í fẹ́ pàdé, nítorí wọn kì í sanwó oúnjẹ.

Ṣé obìnrin náà ń rin ọ̀nà jíjìn?

Wọ́n ń rìn dáadáa. Àwọn obìnrin ló ni púpọ̀ nínú òwò àjàpá, láti orí èlùbọ́ àti epo títí dé orí aṣọ. Ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí. Ẹni tó bá rò pé ilé ni gbogbo ìyá wa jókòó sí láyé ìgbà náà, kó bi ara rẹ̀ pé ta ló ń gbé oúnjẹ lọ sí bùdó ogun.

Nígbà tí owó bá pọ̀, ìyá ọlọ́jà kì í rìn mọ́, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń rìn. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun láwìn. Ọjà tó bá wọ Ìbàdàn lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni ogun ń gbé gba ọ̀dọ̀ tiwa níbí kọjá.

Kí ni wọ́n ń rù?

Láti òkè wá: káún, awọ, ẹṣin, màlúù, àlùbọ́sà. Láti etíkun wá: iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ọtí, ìbọn, ẹ̀tù. Láti àárín igbó: epo pupa, obì, iṣu, èlùbọ́. Láti Ìbìní àti ìlà-oòrùn: iyùn.

Òṣogbo fúnra rẹ̀ ń kó aró sí i. Ẹni tó mọ oríkì ìlú yìí mọ "ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun". Ewé ẹ̀lú là ń gún, là ń sá, là ń pò mọ́ omi eérú nínú ìkòkò. Aṣọ funfun á wọlé láti ìlú míràn, á jáde ní dúdú, owó rẹ̀ á sì ti lé. Àlejò tó bá béèrè ohun tí Òṣogbo ń ṣe lójú ọ̀nà gbogbo, èsì nìyẹn: a kì í kàn jẹ́ kí ẹrù kọjá lásán.

Obì wo ni àwọn Gàm̀bàrí ń wá? Ṣé àbàtà ni?

Gbànja ni wọ́n ń wá. Obì àbàtà tó ń là sí ju awẹ́ méjì lọ ni tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun la fi ń bọ òrìṣà, òun la fi ń ṣe ìyàwó. Gbànja, aláwẹ́ méjì, láti ìhà Gonja ní ilẹ̀ Gáná òde òní ló ti gba orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Haúsá ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá tó gbìn ín. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn àgbẹ̀ wa mú un ní ọ̀kúnkúndùn, nígbà tí wọ́n rí i pé oníbàárà ń bẹ.

Obì kì í fẹ́ gbẹ, kì í sì í fẹ́ ooru. Wọ́n á fi ewé tútù wé e nínú agbọ̀n, wọ́n á máa tú u wò lójú ọ̀nà, wọ́n á máa ṣa èyí tó ti ń bàjẹ́ kúrò. Alájàpá obì tó bá pẹ́ lẹ́nu bodè ọjọ́ méjì ti pàdánù èrè rẹ̀.

Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi orí rù ú?

Eṣinṣin kan ló fà á, èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú igbó, tó ń fi àìsàn pa ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Lókè ọ̀dàn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rù dé Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ igbó, ọrùn ènìyàn ló kù. Ẹṣin tó wà ní gúúsù, ẹṣin ọlá ni. Olóyè ló ń gùn ún fún ayẹyẹ, kì í sì í pẹ́ láyé.

Òṣùká lórí, ẹrù lórí òṣùká, ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹrù àgbàlagbà kan tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 25 sí 30. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń rù ú kì í ṣe ẹni tó gbowó: ẹrú wà níbẹ̀, ìwọ̀fà tó ń fi ara dí èlé gbèsè wà níbẹ̀. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń yin "oníṣòwò ńlá" ayé àtijọ́, ọrùn àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rántí.

Owó wo ni wọ́n ń ná lójú ọ̀nà?

Owó ẹyọ. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ní í di ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ní í di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan ti tó ẹrù fún odidi ènìyàn. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tó tajà tán nílẹ̀ òkèèrè tó sì fẹ́ kówó bọ̀ wálé ní láti gba aláàárù tí yóò ru owó, aláàárù yóò sì máa jẹun nínú owó náà. Ìdí nìyẹn tí alájàpá kì í fi í kó owó bọ̀ bó bá lè fi ra ọjà míràn.

Láti erékùṣù Maldives ni ẹyọ kéékèèké ti kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tí àwọn òyìnbó wá ń kó èyí tó tóbi láti Zanzibar dé, tí ẹyọ sì kún ilẹ̀ bámúbámú, owó náà já wálẹ̀. Ẹrù owó wúwo sí i, ohun tó lè rà sì kéré sí i.

Kí ni iṣẹ́ oníbodè?

Ó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹrù rẹ̀ bá ṣe rí. Nínú owó yẹn, ti ọba wà, ti olóyè tó ni bodè wà, ti oníbodè fúnra rẹ̀ sì wà. Ó tún ń wo ojú àlejò: ta ni, láti ibo, sọ́dọ̀ ta ni? Ọba tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú kejì, oníbodè ló máa bi.

Bí ìlú mẹ́wàá bá wà lójú ọ̀nà, ìgbà mẹ́wàá ni èrò máa sanwó. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi di ohun ọ̀wọ́n bó bá fi dé Ìlọrin. Àwọn kan ń sọ pé olè ni gbogbo oníbodè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ìlú tó gbowó lọ́wọ́ rẹ ti gbà pé bí wọ́n bá jí ọ gbé ní ìpínlẹ̀ òun, òun ni wọn yóò bi. Ọ̀nà tí kò ní oníbodè ló yẹ kí èrò bẹ̀rù.

Níbo ni wọ́n ń sùn, kí ni wọ́n sì ń jẹ?

Ẹni tó ní baálé ní ìlú tó dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò wọ̀. Òun náà ló ń bá a wá oníbàárà, tó ń ṣe ẹlẹ́rìí fún un, tó sì ń gba díẹ̀ nínú èrè. Ẹni tí kò ní baálé á sùn lábẹ́ àtíbàbà ní etí ọjà. Àwọn Gàm̀bàrí ní ibùdó tiwọn, lọ́dọ̀ ará ìlú wọn tó gbọ́ èdè méjèèjì.

Oúnjẹ wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀kọ, àkàrà, àádùn, iṣu sísun, lábẹ́ igi tó níbòòji. Níbi tí kò sí ẹni tó jókòó ti ọjà pàápàá, ọjà á wà nílẹ̀: èso tàbí ẹ̀kọ, pẹ̀lú òkúta kéékèèké tó ń sọ iye ẹyọ tí í ṣe, àti ààlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrò á mú tirẹ̀, á fi ẹyọ sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Àwọn òyìnbó tó rí i kọ ọ́ sílẹ̀ tìyanu-tìyanu. Ìwà rere ni wọ́n pè é. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tí ààlẹ̀ lè ṣe kò ní í dán an wò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sọdá odò nígbà tí kò sí afárá?

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń fẹsẹ̀ là á. Ní ìgbà òjò, igbá ni. Igbá ńlá méjì tí wọ́n dé mọ́ra ni èrò máa ń dì mú, ẹrù rẹ̀ á wà lórí rẹ̀, òmùwẹ̀ á wà ní òdìkejì tí yóò máa tì í sọdá. Bí àwọn tó rìnrìn àjò nígbà náà ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ nìyẹn ní àwọn odò ńlá ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó ń bẹ̀rù omi á di ojú. Ẹ̀tù ìbọn lẹrù tó le jù láti gbé sọdá, nítorí omi díẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Báwo ni ìròyìn ṣe ń rìn láìsí lẹ́tà?

Ẹnu ìránṣẹ́ ni, àti àrokò. Àrokò ni kí a fi nǹkan dípò ọ̀rọ̀. Ẹyọ mẹ́fà lórí okùn, nítorí ẹ̀fà, ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ, nítorí ẹ̀jọ, ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹyọ méjì tó kọjú síra wọn, ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹni tó ń gbé e lọ lè má mọ ohun tó gbé dání, ìyẹn sì dáàbò bo òun àti ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni ewu ojú ọ̀nà?

Ẹranko wà, àìsàn wà, ṣùgbọ́n ènìyàn lèèyàn ń bẹ̀rù jù. Láàárín 1820 sí 1893, ogun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ebi ń pa, àti àwọn gbọ́mọgbọ́mọ, ń ba sínú igbó. Ẹni tó dá rìn lè jí ní àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílé, kó sì sùn ní alẹ́ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.

Nítorí náà, èrò ń kóra jọ. Wọ́n á dúró ní ìlú kan títí wọn yóò fi pọ̀, ológun á kó ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn, wọ́n á san owó fún un. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á ti ta epo fún Èṣù ní oríta, wọ́n á ti bọ Ògún. Àwọn Mùsùlùmí á ti ṣe àdúà.

Kí ni ogun Òṣogbo ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀nà?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀. Ní 1840, ogun Ìlọrin sàga ti Òṣogbo. Bí Òṣogbo bá ṣubú, ọ̀nà gúúsù ti ṣí sílẹ̀ fún ẹlẹ́ṣin. Òṣogbo ké sí Ìbàdàn, Balógun Odérìnlọ́ kó ogun wá, wọ́n sì ṣẹ́gun. Láti ọjọ́ náà ni Ìlọrin kò ti rí ọ̀nà gbà wọ inú igbó mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì wà níbẹ̀ tí a kì í sábà sọ nígbà ayẹyẹ: ẹni tó gbà wá ló di ọ̀gá wa. Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wọlé.

Ní 1878, Ìlọrin tún wá pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, lọ́tẹ̀ yìí ní Ìkìrun. Ìbàdàn tún borí. Àwọn tó ń sá já sínú odò Ọ̀tìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi.

Kí ló dé tí àwọn ìlú kan fi ń ti ọ̀nà? Ṣé kì í ṣe ara wọn ni wọ́n ń pa lára?

Ẹni tó wà láàárín ló ń jèrè. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú wà láàárín òkun àti àwa ará òkè. Wọ́n fẹ́ kí ọjà dé ọwọ́ wọn kí wọ́n tó tún un tà. Wọ́n tún mọ̀ pé bí Ìbàdàn bá ń rí ìbọn àti ẹ̀tù rà tààrà, kò ní í sí ẹni tí yóò lè mú un. Títi ọ̀nà ni ohun ìjà wọn.

Ní 1877, Ìbàdàn rán èrò lọ ra ẹ̀tù ní etíkun, Ẹ̀gbá dí wọn lọ́nà, Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn, sì gbógun tì wọ́n. Bí Ìbàdàn ti ń bá Ẹ̀gbá jà ni Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tí ajẹ́lẹ̀ ti sú, dìde. Ogun Kírìjì nìyẹn. Ọ̀nà kejì tó gba Oǹdó lọ sí Èkó, tí ìjọba Èkó ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, ni àwọn Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó para pọ̀, fi ń rí ìbọn ìgbàlódé gbà. Ọ̀nà kan tí wọ́n tì àti ọ̀nà kan tí wọ́n ṣí ló pinnu bí ogun náà ṣe rí.

Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní oṣù kẹsàn-án 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni bùdó ogun tó tú, nígbà tí Gómìnà Carter ti Èkó rìn yí ilẹ̀ Yorùbá ká. Ọdún kan ṣáájú, ní 1892, òyìnbó ti fi ogun ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọn. Wọ́n sọ pé nítorí òwò ni. Òwò ni lóòótọ́, tiwọn sì ni.

Ṣé wọ́n kó ẹrú gba ọ̀nà yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ogun bá kó ní agbègbè yìí máa ń bá ọjà dé ọjà títí dé Èkó, Àgbádárìgì tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), okùn lọ́rùn, ẹrù olówó rẹ̀ lórí. Ẹrú ń ru ọjà, òun fúnra rẹ̀ sì ni ọjà. Nígbà tí òwò ẹrú orí òkun kásẹ̀ nílẹ̀, tilé kò tíì dúró: oko epo àti ẹrù rírù ń fẹ́ ọwọ́.

Àwọn àgbà wa ló sọ pé ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ẹ tún un gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà, kì í ṣe nípa ẹrú nìkan. Bí kò bá jẹ́ pé ọ̀nà jìn ni, baba á ti wá.

Ṣé Òṣogbo ni wọ́n ti mú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther?

Rárá. Òṣoògùn ni, lágbègbè Ìsẹ́yìn. Orúkọ méjèèjì jọra, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí kò fi tán. Ní 1821 ni wọ́n kó o, ó sì gba ọwọ́ olówó bíi mélòó kan kọjá kó tó dé Èkó. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin kan nígbà kan. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun òyìnbó gba ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Clapperton àti Lander, àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, ńkọ́? Ṣé wọ́n kọjá níbí?

Wọn kò kọjá níbí. Àgbádárìgì ni wọ́n ti gbéra ní ìparí 1825, ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n tọ̀ dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1826. Ọ̀nà Aláàfin ni, èyí tí Ọ̀yọ́ ń gbà lọ sí etíkun. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ni ìrìn èrò wá pọ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Ìgbà wo ni ẹrù rírù dópin?

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908. Ìrìn ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ di ti ọjọ́ kan. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀ lé rélùwéè wá, wọ́n ń ra kòkó àti epo, wọ́n ń ta aṣọ àti iyọ̀. Àwọn Haúsá oníṣòwò obì jókòó sí Sábó, nítorí ọkọ̀ ló ń gbé obì lọ sí òkè báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹrù rírù kò dópin lọ́jọ́ kan. Láti oko dé ibùdó ọkọ̀, orí ṣì ni. Ká má tiẹ̀ purọ́, fún àwọn ọdún díẹ̀, rélùwéè fi kún iṣẹ́ aláàárù, nítorí gbogbo abúlé yíká ló ń ru kòkó wá bá a. Mọ́tò ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni àkọ́kọ́ tí wọ́n là fún mọ́tò, ní 1906. Tàwọn yòókù ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Àwọn Òṣómàáló, ṣé alájàpá ni wọ́n?

Ọmọ wọn ni ká pè wọ́n. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà, láwìn, láti ìlú dé ìlú, títí wọ ilẹ̀ Haúsá lẹ́yìn tí ogun tán. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á wá: "Òṣóò ni màá ló títí n ó fi gbowó mi." Lẹ́nu ọ̀nà ilé onígbèsè ni wọ́n máa lóṣòó sí, lójú gbogbo àdúgbò. Àwọn ìyá wa ní Òṣogbo mọ̀ wọ́n dáadáa. Ẹlòmíràn á ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ṣé àwọn títì òní ló wà lórí ọ̀nà àtijọ́?

Ní ọ̀pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe níbi gbogbo. Ipa ẹsẹ̀ máa ń yí po láti bá omi pàdé àti láti wọ abúlé. Òyìnbó fa ọ̀nà mọ́tò gbọọrọ. Abúlé púpọ̀ tí èrò ti ń jẹun rí wá bá ara wọn nínú igbó, àwọn kan sì ṣí wá sí etí títì.

Kí ni mo lè fojú rí ní Òṣogbo lónìí?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà Ọba, níwájú ààfin Àtáọ́ja. Ẹ lọ sí Sábó ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo agbọ̀n obì àti ewé tí wọ́n fi bò ó. Ẹ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹ dé igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, kí ẹ wo odò tí àwọn ará Ìpólé rìn wá bá. Bí ẹ bá rí àwọn aláró, ẹ ra àdìrẹ, ẹ má sì ná an jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sí gáréèjì lárààárọ̀. Obìnrin kan á wà níbẹ̀ tí yóò ti fi aṣọ ká òṣùká, tí yóò sì bẹ ẹni tó wà nítòsí pé kó bá òun gbé e rù.